Ẹ Fọ Inú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Bu Omi Sí I

Bí ènìyàn bá dúró ní Challenge n'Íbàdàn ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá ń mú bí ẹni pé ó ń bínú sí ọmọ aráyé, tí àwọn Máíkírà tí ń kó èrò lọ sí Ring Road àti Dùgbẹ̀ bá tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ọ̀kan nínú wọn tí yóò yà sẹ́bàá títì, tí ooru funfun yóò máa rú túú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí awakọ̀ yóò pe ọmọ tí ń kiri omi inú ọ̀rá, tí yóò ra márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò fi eyín ya wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì dà wọ́n sí ẹnu rẹ́díétọ̀. Èrò yóò pòṣé díẹ̀, ọkọ̀ yóò tún gbéra, gbogbo wa yóò sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, n kò sì jẹ́ bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n n kò rò pé inú ẹ́ńjìnnì ni ojú wọn wà nígbà tí wọ́n ń pa òwe náà.

Nínú Ìbàdàn wa yìí, Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń wọ̀ ti jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò gbó kí ó tó kan wá, àwa tí a ni ọkọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì tí ń tún un ṣe ti jọ gba irọ́ kan gbọ́, pé ìlú òtútù ni kúlántì, èyí tí a ń pò mọ́ omi rẹ́díétọ̀, wà fún, pé níwọ̀n ìgbà tí omi kì í dì ní Bódìjà, omi kànga ti tó ọkọ̀ mu. Orúkọ tí òyìnbó kọ́kọ́ sọ nǹkan náà ló tàn wá, nítorí adènà-dídì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni dídènà dídì kò ju apá kan iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Omi lásán a máa hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí a bá pò ó mọ́ kúlántì ní ìlàjì-ìlàjì, ó di nǹkan bí 107 kí ó tó hó, a kò sì tíì ka ti ìdérí rẹ́díétọ̀ tí ń há ooru mọ́ inú, tí ó tún ń gbé ìwọ̀n náà ga sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oògùn ìpata wà nínú kúlántì. Omi kànga kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ẹfun tí a ń rí nísàlẹ̀ kẹ́tùrù ni yóò fi sílẹ̀ nínú àwọn ihò tóóró rẹ́díétọ̀, ìpata yóò sì bá a níbẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Àwọn ẹgbẹ́ mi yóò rántí Volkswagen ẹlẹ́yìn ìjàpá, tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, tí kò ní rẹ́díétọ̀ rárá. Bóyá ọkọ̀ yẹn ló bà wá jẹ́. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kò rí bẹ́ẹ̀; omi ló gbójú lé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọkọ̀ tí a ń gùn lónìí.

Ọ̀ràn náà kan èmi fúnra mi ní ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ mi, tó ti lé ní ogún ọdún láyé, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní gbogbo ìgbà tí a bá há sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ni mo bá ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ wò ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sùn tutù mọ́jú (ẹni tó bá ṣí i ní gbígbóná, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gba omi híhó). Ohun tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe omi. Ó dàbí ògì tí ẹnìkan po epo pupa mọ́, ó ki, ó sì ń yọ̀ mọ́ ìka. Nínú ọkọ̀ tí ń já gíà fúnra rẹ̀, páìpù kan a máa gba inú rẹ́díétọ̀ kọjá láti fi tu epo gíà lára; páìpù yìí ló jẹ, tí epo àti omi tí kò yẹ kí wọ́n fojú kan ara wọn láéláé fi di ọ̀kan.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́, ní ẹ̀bá ọ̀nà kan ní Agbowó, wò ó fìrí. Ó ní kí n ra rẹ́díétọ̀ mìíràn, kí òun yọ tọ́músítátì dànù, kí òun bu omi sí i, kí n máa lọ ilé mi kí ilẹ̀ tó ṣú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ilẹ̀kùn kékeré ni tọ́músítátì, tí í wà ní títì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bí ìwọ̀n 82 tàbí 88, kí ó tó ṣí fún omi láti lọ tura nínú rẹ́díétọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ dànù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í móoru tó bí ó ti yẹ, ìyẹn a sì máa mu epo bẹntiróò ju bí ó ti yẹ lọ. Láti May 2023 tí ìjọba ti mú ọwọ́ kúrò lórí owó ìrànwọ́ epo, ta ló tún ní epo tí yóò fi ṣòfò?

Àgbà mẹkáníìkì kan ní Ring Road ló gbà mí. Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ́díétọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń fọ inú ọkọ̀ láìdí ibi tí epo ń gbà wọlé, ajádìí agbọ̀n ló fi ń pọnmi. Ó sì fa epo gíà dànù, nítorí omi tó dé inú gíà ń ba nǹkan jẹ́ lọ níbẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn èyí ó yọ tọ́músítátì fún ìgbà díẹ̀, ó fi ọṣẹ tí kì í hó púpọ̀ sínú omi, ó dà á sí i, ó tanná sí ẹ́ńjìnnì títí ó fi gbóná, ó pa á, ó jókòó tì í títí ó fi tutù, ó tú omi náà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ da omi tútù sí i kí ó lè yá, ó kígbe mọ́ ọn pé, “Ṣé o ti rí ẹni tó bu omi tútù sí ìkòkò tó pọ́n lórí iná rí?” Irin orí ẹ́ńjìnnì lè sán, ó sì lè wọ́, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì yóò sì bá a lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó ní kí n yí amúlé-móoru inú ọkọ̀ sí gbígbóná pátápátá. Mo rẹ́rìn-ín, ta ló ń yáná nínú ọkọ̀ n'Íbàdàn? Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin kò lò ó, ṣùgbọ́n omi ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, bí a kò bá ṣí i, ìdọ̀tí yóò sá pamọ́ síbẹ̀, yóò sì tún jáde lọ́la.” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tí epo ti jẹ wú bí ìfun ẹran, ó fi tọ́músítátì tuntun sí i, kí ó tó wá bu kúlántì àti omi dísítíìlì tí àwọn oníbátìrì ń lò sí i ní ìlàjì-ìlàjì. Nígbà tí ó sọ iye tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, mo ná an. Ojú ń tì mí láti kọ èyí. Mo san owó rẹ́díétọ̀ láìjanpata, nítorí irin tí mo lè fọwọ́ kàn ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tí àgbàlagbà fi jókòó ti ẹ́ńjìnnì mi, mo fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwa oníbàárà ló ń kọ́ àwọn mẹkáníìkì ní iṣẹ́ ìkánjú. Ọkùnrin ti Agbowó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò sanwó sùúrù fún òun.

Àwọn awakọ̀ ayé àtijọ́ a máa bẹ Ògún, Ògún lákáayé, ẹni tó lómi nílé tó ń fẹ̀jẹ̀ wẹ̀, kí wọ́n tó gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ajá tí wọ́n fi ń bọ ọ́ kò lè tu rẹ́díétọ̀ tó dí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò ṣeé gbójú fò. Ethylene glycol ni èròjà tó pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ kúlántì. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ènìyàn àti fún ẹran ọ̀sìn. Ẹ rántí “My Pikin”, oògùn àwọn ọmọ tí ń hu eyín, tí ó pa ọmọ 84 ní ilẹ̀ wa láàárín ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009: diethylene glycol, ìbátan èyí tí mo ń sọ yìí, ni wọ́n bá nínú rẹ̀, kíndìnrín àwọn ọmọ náà ló sì kọlù. Síbẹ̀ ojú gọ́tà ni a ń tú omi rẹ́díétọ̀ sí, níbi tí ewúrẹ́ ti ń mu omi, tí òjò yóò sì gbá a lọ sí odò Ògùnpa. Bí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ bá ráyè yẹ àmù àti ṣáláńgá wò, wọ́n lè ráyè dé ọgbà mẹkáníìkì. NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, sì lè bá wọn fohùn ṣọ̀kan kí dírọ́ọ̀mù kan wà ní ọgbà kọ̀ọ̀kan fún omi báyìí, kí ìjọba sì máa wá kó o.

Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ ọkọ̀ mi, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà tọ́ka sí gbogbo ohun tí a ti tú jáde, ó ní, “Bàbá, níbo ni kí n dà á sí?” Mo wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wò mí. Kẹ́ẹ̀gì méje ló kún. Wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ilé mi ní Bódìjà títí di bí mo ti ń kọ èyí; mo ti dé wọn pinpin, mo sì ti fi ọ̀dà pupa kọ “májèlé” sí wọn lára.