Ẹ̀jẹ́ Tó Di Gbèsè

Ó ti pẹ́ tí a ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lẹ́nu àwọn ará wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ níhìn-ín. Ẹlòmíràn jẹ́ ẹ̀jẹ́ nítorí ọmọ, ẹlòmíràn nítorí físà, ẹlòmíràn nítorí ẹjọ́ ilẹ̀. Awakọ̀ dánfó tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá rí ọkọ̀ náà gbà padà, òun kò ní fi ẹnu kan ògógóró mọ́. Bí ó bá wá di alẹ́ ìsọdá ọdún, ẹ̀jẹ́ a máa pọ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ní oṣù Kejì, ilẹ̀ ni wọn yóò máa wò.

Kì í ṣe inú ìjọ ni a ti kọ́ ẹ̀jẹ́ jíjẹ́. Àwọn baba ńlá wa ti ń jẹ́ ẹ kí ìhìnrere tó dé ilẹ̀ yìí. Títí di òní, ní oṣù Kẹjọ tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àwọn obìnrin ń lọ tọrọ ọmọ létí odò, wọn a sì ṣèlérí ohun tí wọn yóò mú padà wá bí wọ́n bá bí. Bí o bá ṣe èyí fún mi, èmi náà yóò ṣe tọ̀hún fún ọ. Òwò ni. Ohun tí ó ń bà wá nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kàn kó òwò yẹn wọ ilé Ọlọ́run ni. Ẹni tí a ń bá nájà nìkan ni a pààrọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, Jákọ́bù ńkọ́? Òótọ́ ni, bí òun náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ́tẹ́lì nìyẹn (Gẹ́nẹ́sísì 28). Ó ka ohun tí ó fẹ́ fún Ọlọ́run: oúnjẹ, aṣọ, àti kí òun padà sílé baba òun ní àlàáfíà. Ọlọ́run kò lé e dànù, nítorí Ó mọ̀ pé ọmọdé ni nínú ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa ka ìtàn náà lọ síwájú. Ogún ọdún ni ó lò lọ́dọ̀ Lábánì. Nígbà tí ó padà dé, ó kọ́ ilé sí Súkótù, ó ra ilẹ̀ ní Ṣékémù. Ó ti di onílé, ó ti di onílẹ̀, ẹ̀jẹ́ Bẹ́tẹ́lì ṣì wà nílẹ̀. Ìgbà tí wàhálà Dínà ṣẹlẹ̀ tán ní Ṣékémù ni Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ tó sọ fún un pé kí ó dìde kí ó gòkè lọ sí Bẹ́tẹ́lì. Mélòó nínú wa ni a ti kọ́lé sí Òkóta àti Èjìgbò, tí a kò tíì dé Bẹ́tẹ́lì?

Àwọn tí ó ń gbé Ìsọlọ̀ ní ọdún 2002 kò lè gbàgbé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní. Àwọn àdó olóró ń bú gbàmù ní bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà, ilé ń mì, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ogun ni tàbí àwọn sójà tún fẹ́ gba ìjọba. Àwọn ènìyàn kàn ń sá ni. Wọ́n sá títí wọ́n fi dé kánáàlì Òkè-Afá. Ilẹ̀ ti ṣú, ewéko ti bo ojú omi náà, wọ́n ṣebí ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan (1,000), ọmọdé àti ìyá ni púpọ̀ nínú wọn. Òkè-Afá yẹn náà ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ wọn sí.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ilé ìjọsìn kún dé ojú pópó. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù tí ó sì rí i ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ó fo omi náà kọjá láìmọ bí òun ti ṣe é, gbogbo wọn ni ó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ìyá kan ní òun kò ní ta ọtí mọ́ ní ìsọ̀ òun. Ọkùnrin kan ní òun yóò gbé ìyá àwọn ọmọ òun níyàwó bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ. A kì í fi irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ń sunkún létí omi kì í ṣe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yípo, a ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ọkùnrin yẹn ti gbé ìyàwó rẹ̀. Ó ti ń wù ú láti ọdún mẹ́ta ṣáájú, ó ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ náà kàn tì í wọlé ni. Ìyá ọlọ́tí ti padà sídìí ọtí rẹ̀ kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí ó wù ú láti fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù nìkan ló bà á, ẹ̀rù sì ti lọ.

Ohun tí a ń wí nìyí. Ìfẹ́ ọkàn ni oko, ẹ̀jẹ́ ni ọgbà tí a ṣe yí i ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Ẹni tí kò gbin nǹkan kan, kí ni ó ń ṣọgbà sí?

Ẹ wo Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá. Òṣìṣẹ́ P.W.D. ni, ẹ̀rọ wíwúwo tí wọ́n fi ń tẹ títì ni ó ń wà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928 ni Olúwa pè é lẹ́nu iṣẹ́ títì náà. Owó oṣù tí ó dájú ni ó fi sílẹ̀, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún (24). Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn ìtàn ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, bí èrò ti wọ́ lọ síbẹ̀. Ta ni ó ń sọ ti àwẹ̀ àti àdúrà tí ó kún àárín 1928 sí 1930? Dáníẹ́lì náà, oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ pinnu lé lórí, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ihò kìnnìún ṣì jìnnà.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ́ yín kéré, kí ó sì ní ọjọ́. Ẹ̀jẹ́ Násírì ní ọjọ́ tí yóò pé (Númérì 6). Pọ́ọ̀lù pàápàá fá orí rẹ̀ ní Kẹńkíréà nítorí ẹ̀jẹ́ kan, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò jí gbàdúrà ní aago márùn-ún rí, kí ó má ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ wákàtí mẹ́ta lóru fún ọdún kan gbáko. Kí ó jẹ́ ti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ogójì ọjọ́. Bí ó bá parí rẹ̀, kí ó tún jẹ́ òmíràn.

Ẹ má sì fi ohun ẹlòmíràn jẹ́ ẹ̀jẹ́. Jẹ́fta ṣe é, ọmọ rẹ̀ ni ó sì san án. Olúwa wa bínú sí àwọn tí ó sọ oúnjẹ bàbá àti ìyá wọn di Kọ́bánì (Máàkù 7). Owó iléèwé ọmọ rẹ kì í ṣe tìrẹ láti fi jẹ́ ẹ̀jẹ́. Hánà jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní Ṣílò, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan mímú ọmọ náà lọ, ó bá Ẹlikánà ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, Ẹlikánà sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ ń dá ẹ̀jẹ́ jẹ́ nípàdé ìta gbangba, ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń ṣèlérí bulọ́ọ̀kù fún ìjọ tí ìyàwó yín kò sì mọ̀, ẹ gbọ́.

Arábìnrin kan wà láàrín wa tí ó ní ìsọ̀ lábẹ́ afárá Òṣòdì. Ní ọdún 2008, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà (₦100,000) fún ilé ìjọsìn tí a ń kọ́. Ọjà rẹ̀ ń tà nígbà náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, ìjọba wó gbogbo ìsọ̀ Òṣòdì. Kò ṣòro láti mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ó kọ́kọ́ ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Nígbà tí a wá a kàn nílé, ó ní ojú ń ti òun láti wọlé Ọlọ́run tí òun jẹ ní gbèsè. Ó sì ti dá a lójú pé ègún ẹ̀jẹ́ náà ni ó wó ìsọ̀ òun.

A ṣí Léfítíkù 27 fún un. Níbẹ̀, Ọlọ́run fi iye lé ẹ̀jẹ́ lórí: ọkùnrin láti ogún ọdún sí ọgọ́ta, àádọ́ta ṣékélì, obìnrin, ọgbọ̀n. Ní ẹsẹ kẹjọ, Ó ní bí ẹni náà bá tálákà ju kí ó lè san án, kí ó lọ síwájú àlùfáà, kí àlùfáà sì dá iye tí agbára rẹ̀ ká. Kò sọ pé kí ó sá. Kò sì sọ pé kí ó má san nǹkan kan. Ìyá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè bóyá Bíbélì tirẹ̀ náà ní in. A ní kí ó lọ mú un wá.

A sọ ọ̀kẹ́ márùn-ún yẹn di ọ̀kẹ́ kan (₦20,000). Ó ní òun yóò máa mú ẹgbẹ̀rún kan wá lóṣù. A ní kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (₦500). Ó ti ń ta òkìrìkà ní ọjà Aswani ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà náà. Ogójì oṣù ni ó fi san án, kò sì pa oṣù kan jẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń dúró lórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín díẹ̀. Àlùfáà inú Léfítíkù ni ó ń dín in kù. Ẹni tí ń pariwo pé kí àwọn tí yóò jẹ́ ẹ̀jẹ́ mílíọ̀nù dìde dúró, tí ó sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, a kò mọ orí ìwé tí òun ti rí tirẹ̀. Pétérù sọ fún Ananáyà pé nígbà tí ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni í ṣe (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5). Kò sẹ́ni tí ó fi dandan mú un.

Bí ẹ̀jẹ́ kan bá ń lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé Ọlọ́run, a wà ní ọ́fíìsì ìjọ ní ọ̀sán gbogbo Ọjọ́rú. Tọkọtaya lè jọ wá. Ẹ má mú owó dání.