Ká Rìn Ká Pọ̀: Òwe Kan Nínú Trotro Lagos Town

"Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni." Níbi ìnáwó ni òwe yìí ti máa ń dùn lẹ́nu jù. Ìyàwó ń wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e nínú aṣọ ẹbí, ẹnìkan á ní ká rìn ká pọ̀, gbogbo ilé á gbè é pé yíyẹ ní í yẹ ni. Ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn? Àwọn tó ń rìn yẹn ti mọ ara wọn tipẹ́, wọ́n ti jọ yan aṣọ, wọ́n ti jọ dá owó. Ibi tí èmi fẹ́ kí a ti yẹ òwe náà wò ni ibi tí kò sí aṣọ ẹbí, láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ orúkọ ara wọn, tí òógùn ti bò, tí olúkúlùkù ń kánjú lọ síbi tirẹ̀. Pípọ̀ kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni tó bá dé gáréèjì láàárọ̀ á bá èrò níbẹ̀ lọ súà. Yíyẹ gan-an ni iṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Àdúgbò kan wà ní Accra tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Lagos Town. Accra New Town ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Kokomlemle wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Nima àti Mamobi kò jìnnà sí i, ọjà Malam Atta sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará wa tó wá ṣòwò ní Gold Coast ló tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ Èkó pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìnísà àti Ṣakí pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó tàn ká ilẹ̀ Gánà nígbà náà. Kò sí ọjà ńlá tí wọn kò sí, wọn ì báà máa ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ohun èlò wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, ọkọ̀ náà ló sì ń gbé ọjà wọn kiri: ọkọ̀ onípákó tí àwa ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Nígbà ayé owó ṣílè, tọ́rọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò nínú ìgboro Accra. Àwọn Gà ń pe owó náà ní tro, bẹ́ẹ̀ ni trotro ṣe di orúkọ ọkọ̀ títí di òní. Pákó ti lọ. Bọ́ọ̀sì Urvan àti Sprinter tí wọ́n ti lò kí wọ́n tó gbé wọn wọ̀lú ló gba ipò rẹ̀. Kọ́ńdọ́ tiwọn ni wọ́n ń pè ní mate.

Ní sítéṣọ̀n Circle, trotro tí ń lọ sí New Town kì í ṣí láìkún. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló máa ń jìyà jù. Á jókòó sínú ooru, á máa wo àga tó ṣófo. Olómi inú ọ̀rá á kọjá lójú fèrèsé, ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín á tẹ̀lé e. Ó ku mẹ́ta. Ó ku méjì. Ẹnìkan á yọjú, á wo inú ọkọ̀, á rí i pé ẹ̀yìn pátápátá ni àyè wà, á yí padà. Ara á bu ẹni tó ti ń dúró láti bí ìdajì wákàtí.

Àwọn tó ní ọkọ̀ tiwọn á ní ìyà gbáà nìyẹn. Ìyà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń rìn níbẹ̀. Epo tí dírẹ́bà máa jó láti Circle dé New Town kò ní dín nítorí pé àga mẹ́rin ṣófo. Owó tó gbọ́dọ̀ kó fún ẹni tó ni ọkọ̀ lálẹ́ kò ní dín. Bí ọkọ̀ bá gbéra láìkún, àfi kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ san owó àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Bí àjọ ló ṣe rí: ẹni tó ti dá tirẹ̀ ń dúró de ẹni tí kò tíì dá, nítorí pé ọwọ́ gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ di fífúyẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba Gánà ní kí ọkọ̀ dín èrò kù kí àyè lè wà láàárín wọn. Kò pẹ́ tí owó ọkọ̀ fi gòkè, àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ń san ti àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọdún náà ni a rí ohun tí ẹni tó ń fi ìgúnpá gún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ń bá wa san látọjọ́ yìí.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń lọ ni mate á bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa. Mate wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn níwájú. Kò lè dé ẹ̀yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan tó gbé igbá tòmátò lé itan ní àga ìkẹyìn tú owó kan lára ìdí ìró rẹ̀, ó nà án síwájú. Ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ gbà á, ó fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀dọ́mọdé kan tó ki nǹkan sí etí, tí kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀, yọ ọwọ́ gba méjèèjì, ó nà wọ́n sí ọmọ ilé ìwé kan, ọmọ náà ló kó o fún mate. "Èèyàn méjì, New Town," ni ọmọ náà wí. Ṣéńjì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lẹ́yìn. Kí ọmọ náà tó nà án sẹ́yìn, ó kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́, ó ní ti ìyá nìyí, ti bọ̀dá nìyí. Bó ṣe kọjá lọ́wọ́ wa nìyẹn títí ó fi dé inú àtẹ́lẹwọ́ ìyá. Ìyá ní kí Ọlọ́run bùkún wa. Kò mọ èwo nínú wa ló yẹ kó dojú àdúrà náà kọ, ó kàn tú u dà sórí gbogbo ọkọ̀.

Ẹ wo iye ọwọ́ àjèjì tí owó yẹn kọjá. Ní òde, bí ìyá bá fún ọ̀kan nínú wọn ní owó pé kó bá òun gbé e dé ìkóríta, orí ìyá kò pé nìyẹn. Nínú trotro, kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí òfin tó fi ipá mú wa, kò sí ọlọ́pàá. Ohun tó wà ni pé ojú pọ̀, olúkúlùkù sì mọ̀ pé owó tòun náà ń bọ̀ wá kọjá lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìpẹ́. Pípọ̀ tí òwe sọ di ẹ̀rí, ẹ̀rí di ààbò fún ìyá arúgbó. Ní Èkó, kọ́ńdọ́ á pariwo pé kí a wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wa. Bí kò bá sí, á fi owó kan ṣoṣo lé èèyàn méjì lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ ṣẹ́ ẹ fúnra wọn bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rí àwọn tó bá ara wọn jà nítorí rẹ̀, mo ti rí àwọn tó di ọ̀rẹ́.

Àwọn àga kékeré kan tún wà lẹ́bàá ojú ọ̀nà inú ọkọ̀, tí wọ́n ń ká sókè. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ní "Mate, bus stop!", gbogbo ẹni tó jókòó sórí àga àkásókè níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde, nígbà mìíràn wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ sílẹ̀ pátápátá, nínú òjò tàbí nínú oòrùn, kí ẹni náà tó ráyè kọjá. Wọn á tún wọlé padà, mate á ní "Away!", ọkọ̀ á ṣí. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń fa ẹsẹ̀ fún àgbàlagbà. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó fi àga rere sílẹ̀ fún bàbá kan kí bàbá má baà máa dìde kiri. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa inú ọkọ̀ kì í ṣeré gba ogún ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, a ń dìde fún ara wa.

Èmi kò ní purọ́ pé gbogbo pípọ̀ ló yẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n kó èèyàn sí kọjá ìwọ̀n, tí táyà rẹ̀ ti jẹ, tí dírẹ́bà rẹ̀ ń sáré pa èrò nítorí àtipadà wá gbé mìíràn, ikú ni wọ́n ń kó kiri. Nígbà tí èrò bá sì dákẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pípọ̀ wọn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu wọn ló yẹ kí ó pọ̀. Ẹ wo ti owó ọkọ̀: ní oṣù Karùn-ún 2025, agbára cedi gbéra sókè, owó epo wálẹ̀, GPRTU àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ yòókù sì kéde pé kí owó ọkọ̀ dín ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọjọ́ 24 oṣù náà. Ìkéde lọ́tọ̀, ọwọ́ mate lọ́tọ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ní owó tuntun lòun máa san, ahun ni wọn á pè é. Bí bàbá kan lẹ́yìn bá tún sọ ọ́, tí oníṣòwò kan ní àárín fi ohùn tirẹ̀ sí i, mate á tẹ́wọ́ gba iye tí wọ́n kéde, á sì da èyí tó lé padà.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ rírìn pọ̀ ní Lagos Town kí n fo ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ìjọba Kofi Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ni ọjọ́ náà pé. Àwọn tí wọ́n bí sí Gánà, tí wọn kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, wà lára àwọn tó wá ọkọ̀ kiri. Wọ́n ta ọjà wọn ní iye tó bá wà lọ́wọ́ olùrà, wọ́n kó àwọn ọmọ sórí ẹrù. Àwọn tó lọ lé ní 100,000, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Bí a bá tú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n wò, pípọ̀ náà ni: wọ́n pọ̀ lọ́jà, wọ́n pọ̀ nídìí òwò. Ohun tí a fi ń yangàn níbi ìnáwó ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé èrò ọkọ̀ kan náà ni Yorùbá àti ọmọ Gánà títí di ọjọ́ tí ìkéde jáde. Ọwọ́ tó ń bá oníṣòwò Ọ̀ffà na owó síwájú nínú ọkọ̀ kò gbóná sí i rárá. Inú rere inú ọkọ̀ kò lè dá ìwé ìjọba dúró. Àwọn olórí wa kọ́gbọ́n díẹ̀. Wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1979 pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìsí físà, kó lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ méjì náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà sì gba ọ̀nà Sèmè padà sílé, àwọn kan há sí Benin nítorí pé Gánà ti ti ẹnu-bodè rẹ̀. Àwa tí wọ́n lé ní 1969 ló yẹ kí a kọ́kọ́ pariwo. Ọ̀pọ̀ wa ń wò. A tilẹ̀ fi wọ́n sọ báàgì lórúkọ.

Nígbà tí àwọn kan tún jáde sí ìgboro Accra ní ìparí oṣù Keje 2025, tí wọ́n gbé pátákó pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ, Ààrẹ Mahama fi dá Nàìjíríà lójú pé kò séwu fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyẹn dára. Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà láti Accra sí Èkó. Ní Aflao, ní Hilla Condji, ní Sèmè, èrò á bọ́ sílẹ̀, wọn á fi ẹsẹ̀ rìn kọjá, àdéhùn 1979 náà á wà nínú ìwé, síbẹ̀ wọn á dá ẹnìkan dúró pé káàdì rẹ̀ kò tó, àfi bó bá mú nǹkan wá. Ẹni yẹn lè jẹ́ ọmọ Kumasi, ó lè jẹ́ ọmọ Ìnísà. Dírẹ́bà ti tan iná ọkọ̀, ilẹ̀ ń ṣú, ó fẹ́ máa lọ. Àwọn èrò tí wọn kò mọ orúkọ ẹni tó kù lẹ́yìn ló máa ń di ẹnu ìlẹ̀kùn mú, tí wọ́n ń lu ara ọkọ̀ gbàm̀gbàm̀ pé, "Dírẹ́bà, má tíì lọ! Èrò wa kan ṣì wà lọ́wọ́ wọn!" Wọn á sì rán ẹni tó gbọ́ Faransé jù láàárín wọn padà lọ mú un wá.