Kí Ìrìnàjò Má Sú Àwọn Ọmọ

Nígbàkigbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi, ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà á ti máa retí àwọn ọmọ-ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú àwọn ọmọ náà bóyá inú wọn dùn láti lọ. Èyí tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá nínú wọn á ti fajú ro. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ìyá àgbà o. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, pálọ̀ ni wọ́n máa jókòó sí, àwọn àgbà á máa sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìsìnkú, wọ́n á ní kí ọmọ lọ sùn. Bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá náà ló rí lọ́dún yìí. Ta ni kò ní sú?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Ní wọ́ọ̀dù, mo máa ń rí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó dúró sídìí bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà, tí kò mọ ohun tó máa bá a sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò gba owó púpọ̀. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ lójú ọ̀nà, kí ẹ sì fi ibì kan tí wọn kò dé rí kún ìrìn náà. Ibì kan péré! Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan rìn dé ibi márùn-ún, àárẹ̀ ló ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ fún ará Èkó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń kó èrò láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn, ọ̀nà kìlómítà 157, Abẹ́òkúta sì wà lójú ọ̀nà náà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè aago tó ń gbéra. Kí ọmọ tó mọ̀wé máa kọ orúkọ ibùdókọ̀ tí ẹ bá kọjá sílẹ̀: Agége, Agbádó, Kájọlà, Pápálańtò. Kí àbúrò rẹ̀ máa ka màlúù.

Tí ẹ bá dé Òkè Olúmọ, ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ máa lọ. Ẹ mú wọn dé abẹ́ àpáta, kí bàbá àgbà sọ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá fún ogun dé ibẹ̀ lọ́dún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, àti bí ìlú ṣe ń jẹ́ Abẹ́ òkúta. Ẹ̀yin tí eékún ń dùn, ẹ jókòó nísàlẹ̀; ọmọ ló máa wá ròyìn ohun tó rí lókè fún yín, ẹ sì jẹ́ kó ròyìn rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ yà ní Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ẹ fún ọmọ lówó díẹ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ ná ọjà.

Ó ku ọ̀rọ̀ èébì. Àwọn ọmọ ọdún méjì sí méjìlá ló sábà máa ń bì nínú ọkọ̀. Ojú ń wo fóònù tó dúró sójú kan, inú etí sì ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, ni inú bá ń rú. Fóònù tí ẹ gbé fún un kó lè dákẹ́ lè wà lára ohun tó ń fa èébì náà. Kó máa wo ọ̀ọ́kán níta. Ẹ rí i pé màlúù tí mo ní kó máa kà, oògùn ni! Ẹ má fún un ní àkàrà olóròóró kí ẹ tó gbéra, ẹ má sì febi pa á. Búrẹ́dì díẹ̀ ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn oorun fún ọmọ ní gáréèjì.

Tó bá jẹ́ mọ́tò lẹ wọ̀, ẹ dúró ní wákàtí méjì-méjì, kí gbogbo yín sọ̀kalẹ̀ nasẹ̀. Àgbà tó bá jókòó pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ọmọdé jókòó sí. Ẹ gbé omi mímu àti àwọ̀n ẹ̀fọn láti ilé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà ńkọ́? Inú báàgì ọwọ́ wọn ni kó wà, kì í ṣe inú búùtù.