Alaaji, igbó bàbá yín ti di tìjọba o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ o. Alaaji kan ládùúgbò wa ní Gàmbàrí, n'Ílọrin níbí, fẹ́ kó ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí Ìgbẹ́tì lọ́dún Iléyá. Àfi bó ṣe gbé ìbọn ṣakabùlà sáàárín ẹrù! Ó lóun fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń dọdẹ ajáko han ọmọ òun.

Mo ní, "Igbó wo lẹ fẹ́ wọ̀?" Ó ní tapá Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí bàbá òun ti ń pẹran.

Háà! Látọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ibẹ̀ di Old Oyo National Park. Òfin ọdún 1999 sì lẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ dọdẹ níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Tí wọ́n bá mú bàbá lójú ọmọ ńkọ́? Ọdún bàjẹ́ nìyẹn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dọdẹ lẹ́nu ìrìn àjò, ẹ gbàwé àṣẹ ìbọn, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kí olórí ọdẹ ìlú tẹ́ ẹ dé sí. Òun ló mọgbó tẹ́ ẹ lè wọ̀.

Alaaji ti gbé ìbọn sílé. Ó lóun á sanwó ìwọlé, káwọn ọmọ wo ẹran láàyè. Èyí náà dáa.