Ẹ Sanwó fún Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọgbà Ẹranko

Ọdún 1874 ni ọgbà ẹranko Philadelphia ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú. Ọdún 2019 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ di ọ̀gá àgbà nínú àwọn ọgbà ẹranko Amẹ́ríkà tí AZA, ẹgbẹ́ àwọn ọgbà ẹranko àti ilé ẹja, fọwọ́ sí: Denise Verret, ní Los Angeles. Ọdún 145 ló wà láàárín. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ràn ẹranko tàbí tó mọ iṣẹ́ ìṣàkóso.

Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò. Ní oṣù Kẹsàn-án 1906, ọgbà ẹranko Bronx ní New York gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kóńgò kan, Ota Benga, sínú ilé ọ̀bọ kí èrò máa wò ó. Àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ló fárígá kí wọ́n tó mú un kúrò. Ó di 2020 kí àjọ tó ń darí ọgbà náà tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ní Memphis, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú láti wọ ọgbà ẹranko ìlú, títí di 1960. Ẹni tí wọ́n ń lé lẹ́nu géètì, báwo ni ọmọ rẹ̀ yóò ṣe lálàá pé òun á di ọ̀gá níbẹ̀?

Géètì ti ṣí báyìí. Ohun tó kù tó ń dènà, tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí, ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ láìgbowó.

Ọmọ tó bá fẹ́ di olùtọ́jú ẹranko lónìí, wọn yóò béèrè dìgírì lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gbà á tán, wọn yóò tún béèrè ìrírí. Ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń rí ìrírí ọ̀hún, ọ̀pọ̀ ọgbà ni kì í sì í sanwó fún un. Ẹ wo òwúrọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀: kí oòrùn tó mú, ó ti wà nídìí tábìlì irin, ó ń gé kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún, ó ń wọn oúnjẹ ẹranko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń kó ẹja tó ti dì jáde kó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ìgbẹ́ kíkó, ilẹ̀ fífọ̀, àti kíkọ ohun tí ẹranko jẹ àti ohun tó ṣẹ́kù sínú ìwé. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn ní ìlú tí kò mọ ẹnì kankan; owó ilé ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, gbèsè ilé ìwé ò sì sùn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ olówó á fara dà á. Ọmọ awakọ̀ takisí á wá iṣẹ́ tó ń mówó wọlé lọ. Ẹni tí kò bá sì ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó ṣòro kó di olùtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni inú àwọn olùtọ́jú ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka.

Ti ilé ẹja àti ẹran omi tún le sí i. Iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn àti ìdánwò ìlúwẹ̀ẹ́, owó ara ẹni ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìlú kan wà tó ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wọn pa dípò kí dúdú àti funfun jọ wọ̀ ọ́. Jackson, ní Mississippi, ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá a láre ní 1971. Ìyá tí kò ríbi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ rẹ̀?

Àwọn alákòóso á ní kò sówó. Ilé àwọn erin ní ọgbà ẹranko Washington nìkan jẹ mílíọ̀nù 56 dọ́là. Mi ò bá erin jà, ilé tó dáa tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ibi tó wu èèyàn ló ń náwó sí, àwọn ọgbà kan tó ti ń sanwó fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì torí ẹ̀ kógbá wọlé.

Ọdún márùn-ún márùn-ún ni AZA ń yẹ ọgbà kọ̀ọ̀kan wò kó tó tún ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n fi èyí kún un: ọgbà tó bá ń lo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láìsanwó kò ní gbàwé. Kí wọ́n sì máa kéde ipò ọ̀gá tó bá ṣófo ní gbangba, tòun ti owó oṣù rẹ̀, dípò kó máa rìn láàárín ojúlùmọ̀ ìgbìmọ̀ alákòóso.

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, Baltimore àti Chicago, tí ẹ ń ra káàdì ọgbà ẹranko ọlọ́dọọdún fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ tó tún un rà, ẹ bi àwọn alákòóso ọgbà bóyá wọ́n ń sanwó fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú yín, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.