Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ìdoríkodò Ru Ìbòrí

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti òṣùpá rírí, kì í sì í ṣe ti iye sàká. Ọ̀rọ̀ ọkàn tí kò balẹ̀ ni, àti ti oòrùn tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ ní agbègbè wa yìí, láti Ìlaròó dé Ayétòrò títí dé ẹnu ibodè.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìlaròó, a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà láti ìgbà èwe wa. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, tí ó sì ń sùn lọ́sàn-án. Ọmọ náà kì í ṣí orí sílẹ̀ jáde. Bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ nìyẹn, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ọ̀gìnnìtìn kejì bá a lọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìrí ohun tí ó ṣe é. Oúnjẹ kò wù ú jẹ, àyà rẹ̀ ń já, gbogbo egungun ń ro ó. Onírúurú ọ̀rọ̀ ni a gbọ́ nílé níbí. Ìyá àgbà ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kan ní àlùjànnú ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó mọ̀wé díẹ̀ ní aṣọ tí ó fi ń bo ara ni kò jẹ́ kí oòrùn rí i, pé kí ó bọ́ ọ, kí ó sì máa gbé fítámì D mì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Èmi náà kò gbẹ́yìn: èmi ni mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé bí ó bá ti rí fítámì náà lò, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo wa ni a ṣì í, ẹni tí ó dárúkọ ayé, ẹni tí ó dárúkọ aṣọ, àti èmi tí mo dárúkọ fítámì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún oòrùn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Fítámì D yìí, ara wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é nígbà tí ìtànṣán oòrùn bá ba àwọ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín a sì tún un ṣe kí ó tó wúlò. Òun ni ó ń jẹ́ kí egungun rí kálísíọ̀mù gbà láti inú oúnjẹ. Àwọ̀ dúdú ń fẹ́ oòrùn ju àwọ̀ funfun lọ kí ó tó ṣe iye kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn kò lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ yìí. Nítorí náà ni àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ ṣe ń gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti 2016 pé kí wọ́n máa lo máíkúrógíráàmù 10 lóòjọ́ ní ìgbà òtútù, kí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí aṣọ ń bo ara wọn sì máa lò ó yípo ọdún. Ìmọ̀ràn rere ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ aṣọ.

Ẹ tún wo Saudi Arabia, tí oòrùn rẹ̀ ń jó bí iná. Fítámì yìí kéré lára ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀, ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin, nítorí pé ooru a máa lé wọn sínú ilé. Ọkùnrin tí ó jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ di alẹ́ kò sàn ju ẹlẹ́hàá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí ìtànṣán tí à ń wí kọjá. Ẹlẹ́hàá tí ó ní àgbàlá tirẹ̀ tilẹ̀ lè ká ọwọ́ aṣọ sókè níbẹ̀ kí ó máa ṣa ẹ̀wà, àjèjì kankan kò ní rí i. Ní ti àwa ará Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, a kì í ra oòrùn. Kódà nígbà tí Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí egungun wọn wọ́ wò ní Jos, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 ni pé kálísíọ̀mù ni ó wò wọ́n sàn ju fítámì D nìkan lọ.

Ọkàn wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé àwọn oníṣègùn ti rí i léraléra pé fítámì D a máa kéré lára ọ̀pọ̀ àwọn tí ìdoríkodò tàbí àníyàn ń bá jà. Ibẹ̀ ni a ti máa ń sáré jù. Ẹni tí ó rí agbòòrùn àti òjò papọ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé agbòòrùn ni ó rọ òjò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ kì í fẹ́ jáde, kì í jẹ ẹja tàbí ẹyin bó ti yẹ, fítámì rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Èwo ló ṣáájú? Ní Amẹ́ríkà, Dókítà Olivia Okereke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára ènìyàn 18,353 tí wọ́n ti tó ẹni 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan ń lo fítámì D yúnìtì 2,000 lóòjọ́, apá kejì ń lo hóró tí kò ní nǹkan nínú, fún ohun tí ó ju ọdún 5 lọ. Nígbà tí wọ́n kéde àbájáde ní 2020, ìdoríkodò kò dín lọ́dọ̀ àwọn tí ó lo fítámì. Lóòótọ́, kì í ṣe àwọn tí fítámì wọn kéré nìkan ni wọ́n ṣà, àwọn ìwádìí kéékèèké mìíràn sì wà tí ó sọ pé ó ran àwọn tí àìsàn náà ti mú lọ́wọ́ díẹ̀. Èmi kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ yàtọ̀ sí ìwòsàn. Kí ẹni tí ń kiri oògùn nínú ọkọ̀ má sì tàn yín pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Bí fítámì yìí bá pọ̀ jù, kálísíọ̀mù a kún inú ẹ̀jẹ̀, a sì ba kíndìnrín jẹ́.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Fítámì rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ó lò ó, egungun tí ń ro ó sì rọlẹ̀. Gbogbo wa dúpẹ́, a sì fọwọ́ lẹ́rán. Odindi oṣù mẹ́fà ni a fi gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán, tí ọmọ náà sì ń fi ẹ̀kún sun, títí di òru ọjọ́ kan tí ó pe bàbá rẹ̀, tí ó ní òun kò fẹ́ jí mọ́. Ìgbà yẹn ni a tó ní kí ó lọ sọ fún dókítà pé ọkàn òun ni, kì í ṣe egungun.

Ojú ni ó ń tì í láti wí, nítorí a ti kọ́ ọ pé ẹni tí ó ní ìmáànì kì í banú jẹ́. Ta ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Ọdún tí Kádíjà àti Abú Tálíbì kú, Ọdún Ìbànújẹ́ ni àwọn onítàn Ìsìláàmù ń pè é, Ànábì wa sì ni ó banú jẹ́. Abu Zayd al-Balkhi, Mùsùlùmí tí ó kú ní 934, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbànújẹ́ pín sí méjì: èyí tí a mọ ìdí rẹ̀, àti èyí tí kò nídìí tí a rí, tí ó ń ti inú ara wá. Ó ní ká tọ́jú ara àti ọkàn pọ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, síbẹ̀ à ń bi ọmọ wa léèrè pé kí ló ṣe tí ó ń sunkún nígbà tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn Òyìnbó kan náà ṣe irú àṣìṣe yìí sí wa. Ní 1953, Carothers kọ ọ́ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé ìdoríkodò ṣọ̀wọ́n láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bá Leighton àti àwọn ẹlòmíràn lọ sí àwọn abúlé Yorùbá, ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 sì fi hàn pé ìdoríkodò wà níbẹ̀ dáadáa. Lambo yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954, tí ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé àyíká, pẹ̀lú ìbátan wọn kan, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Wọ́n rí oòrùn nínú oko, wọ́n sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi mí, èkejì ni mo gbà pé ó ṣọ̀wọ́n jù lónìí.

Aró ṣì wà. Ọkọ̀ tí ó ti Ayétòrò bọ̀ ń gba Láfẹ́nwá wọ Abẹ́òkúta, ti Ìlaròó ń gba Pápáláńtò. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 sì ti rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ kí àwọn Ìmáàmù wa máa dárúkọ Aró lórí mínbárì bí wọ́n ti ń dárúkọ ilé ìwòsàn àwọn aboyún, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni láti wọ ọkọ̀ náà.

Ọmọ náà ń lo oògùn báyìí, ó sì ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò lo fítámì mọ́ ju iye tí wọ́n pa láṣẹ, kò sì bọ́ ìbòrí rẹ̀. Ara rẹ̀ kò tí ì yá tán. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bàbá rẹ̀ a pè é. Kì í bèèrè iṣẹ́ tàbí owó mọ́, bí ó ti sùn ni ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè.