Bí Ọ̀nà Oúnjẹ Bá Há Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kan àwọn tí wọ́n sanra kọjá ààlà, tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ inú fún kí wọ́n lè fọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bì, mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọ̀kánjúwà oúnjẹ ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Èmi kò gbà.

Ọdún 1966 ni Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ abẹ yìí kan ní Iowa, ní Amẹ́ríkà. Lóde òní, wọn a pín orí àpòlúkù sọ́tọ̀, a di àpò kékeré tí kò gbà ju nǹkan bí ṣíbí ìjẹun méjì lọ, wọn a sì rán ìfun mọ́ ọn. Ojú ìrán náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì íǹṣì lọ. Ẹ sì mọ bí egbò ti ń ṣe: bí ó bá jinná, àpá ibẹ̀ a máa fún pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà náà ṣe ń há. Ọgbẹ́ inú a máa fà á pẹ̀lú. Sìgá àti oògùn ara ríro bí ibuprofen sì ń dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹran àti búrẹ́dì ni yóò kọ́kọ́ kọ̀ tí kò ní lọ. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀kọ mímu àti omi pàápàá yóò máa padà. Aláìsàn a máa yọ̀ pé òun ń fọn. Ẹ má yọ̀! Ebi ni.

Ẹni tí ó bá ń bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi ara rẹ̀ a gbẹ, fítámì B1 a sì tán lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè máa rí ohun kan ní méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú. Àwọn ará ilé a ní wèrè ni! Bí a bá fi falẹ̀, ẹlòmíràn kì í bọ̀ sípò mọ́. Nítorí náà, ẹ tètè sọ fún dókítà pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ inú fún un, kí wọ́n lè fún un ní fítámì náà kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára.

Ìwòsàn rẹ̀ kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Dókítà a ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná gba ọ̀fun wọlé, a fẹ́ bàlúùnù kékeré kan sí ojú ibi tí ó há, a sì là. Ẹ̀ẹ̀kan tó ẹlòmíràn, ẹlòmíràn a gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò nílò abẹ mìíràn.

Ẹ má ṣe jókòó ti ẹ̀kọ mímu nílé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.